Tẹlifíṣàn Tó Mọ́ Jù

Òǹtajà gbé ìpè fídíò àràárọ̀ Ìbídùn sórí tẹlifíṣàn méjì kí ìyá Ìbídùn lè mọ èyí tó máa rà. Lórí àkọ́kọ́, tí àwòrán rẹ̀ ń yí padà ní ọgọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Ìbídùn kúnlẹ̀ ní Kánádà, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Lórí èkejì, tó mọ́ ju ìyẹn lọ, tó ń yí padà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, orúnkún rẹ̀ rì wọnú ilẹ̀ bí ẹni pé omi ni.

Òǹtajà rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, àwòrán tí ẹ̀rọ ń ṣe nìyí, kì í ṣe ọmọ yín fúnra rẹ̀. Ìgbà wo lẹ fojú kan ọmọ yín gbẹ̀yìn?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin." Ìyá ló dá a lóhùn.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ìbídùn béèrè.

"Mo ti jẹun, ọmọ mi." Ó yíjú sí òǹtajà. "Pa èyí tó mọ́ yẹn. Èkíní ni kí o bá mi dì."