Bàrákàt Sunkún Dé Ọsibítù

Bàrákàt ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham.

Sàká, ọkọ rẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má bẹ̀rù. Wọ́n á yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ wò, wọ́n á tọ́jú ẹ."

"Ẹ ò ní fi mí sílẹ̀ níbẹ̀?"

"Láéláé! Mo ti pa shift òní tì."

Sàká fúnra rẹ̀ kì í yà sí ọsibítù. Ó tín-ín-rín, ó ní kò síbi tí ọ̀rá máa gbà wọ ara òun.

Bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ tín-ín-rín jù ú lọ. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá ló pa wọ́n. Àìsàn kan náà ti ń bá ẹ̀gbọ́n Sàká fínra báyìí.

Wọ́n dé ọsibítù, wọ́n jókòó, nọ́ọ̀sì sì yọjú.

"Mr Sàká Àjàdí?"

Sàká yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Omijé ti gbẹ.

"Daddy Àmírà, ẹ dìde. Orúkọ yín ni mo fi gba appointment."

"Ẹkún tóo wá ń sun ńkọ́?"

"Mummy yín ló kọ́ mi."