Ìdérí Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì

"Kí ló ń jóná?" ni Ìbíwùmí, ìyàwó mi tó ń rọbí, bi mí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ́ìlì ni mo ń gbóòórùn, ilé ìwòsàn sì ṣì jìnnà. Nígbà tí èéfín bo gíláàsì iwájú, mo dúró.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì tan iná fóònù. Ìdérí ihò tí a ń bu ọ́ìlì sí kò sí níbẹ̀. Ọ́ìlì ń ta jáde sórí páìpù gbígbóná. Mo wo orí bátìrì, níbi tí mo máa ń gbé e lé bí mo bá ń bu ọ́ìlì. Kò sí níbẹ̀.

"Ọkọ mi, ọmọ ń bọ̀ o!"

"Jọ̀ọ́, mú un mọ́ra díẹ̀."

"Ṣé ìtọ̀ ni, tí n óò fi mú un mọ́ra?"

Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi dí ihò náà, mo tan ọkọ̀. Ẹ̀wù náà fò yọ, èéfín tún rú. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi lẹ́yìn wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá o!" Mo sáré lọ síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ti to ewé tútù sójú ọ̀nà, bí awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ṣe máa ń ṣe kí ọkọ̀ mìíràn má baà kọ lù ú. Ipa bàtà tèmi nìkan ló wà nínú eruku. Orí ewé náà ni ìdérí wa wà. Mo mú un. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn.