Òórùn Èkuru Nínú Ìwé Faransé

Ìwọ tó ń kàwé yìí, bí wọ́n bá dé fìlà ìkàwé fún ọ, má ro ti ọmọ rẹ o. Ohun tó bá gba ọkàn rẹ kọjá, gbogbo ẹgbẹ́ ìkàwé tó dé irú rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n, títí kan òórùn.

Mopélọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ẹgbẹ́ fi ń kọ́ Faransé dé ibi tí ìyá kan ti ń gbé oúnjẹ fún ọmọ tó sá fógun. Omi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ sì bú sẹ́kún.

“Ata yín mà pọ̀ o!” ni ẹnì kan wí, ó ń sín.

Alága nujú. “Ìyá Lánipẹ̀kun, èkuru la gbóòórùn yẹn. Kò sí èkuru nínú ìwé; ẹ̀yin lẹ ń gbé e lọ fún Lánipẹ̀kun. Ibo lọmọ yín sá sí?”

Mopélọ́lá ṣí fìlà.

“N ò kàwé mọ́.”