Irinṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Tó Gbé Oríkì Màmá Agnes Mì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi kà á dé ìlà ìkẹyìn. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín láti máa ka ìkìlọ̀ lórí fóònù. Ó ti rẹ èmi náà láti máa kọ ọ́.

1.
Zacchaeus ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìgàndó, níbi tó ti ń bá èèyàn tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣáà mọ ìwà wa: bí wọ́n bá tẹ ìwé fún wa tán, a kì í gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́. "Ó ṣáà wà lórí ẹ̀rọ yín," la máa ń wí.

Màmá Agnes, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì, wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò lè kọ̀wé mọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á jókòó ti Zacchaeus, wọ́n á máa pe oríkì ìdílé wọn, òun á sì máa tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì fi ṣe é. Màmá nìkan ló kù nínú ìdílé náà tó mọ oríkì ọ̀hún délẹ̀.

"Zacchaeus, ṣó wà níbẹ̀ dáadáa?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Kò síbi tó ń lọ."

2.
Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àkókò ètò ìtẹ̀wé tí Zacchaeus ń lò ti tán, kó ra òmíràn. Kò rà á. Ó lọ wá irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi ń kíráàkì ètò olówó, kí wọ́n lè lò ó láìsanwó. Irinṣẹ́ náà ní kó kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ.

Fọláṣadé, ọmọ màmá, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Zacchaeus, ẹni tó ní kó o lé mègáàdì lọ kóun tó wọlé, ṣé kò fu ẹ́ lára?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, Àǹtí. Ṣebí gbogbo wa la ń lò ó títí dé Ìkòtún."

Ó pa áńtífáírọ́ọ̀sì náà. Irinṣẹ́ ọ̀hún sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá.

3.
Ní ọjọ́ kejìlá, fáìlì kankan ò ṣí. Lẹ́tà àwọn olè tó bá irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà wọlé ló wà lójú ẹ̀rọ: wọ́n ti ti gbogbo fáìlì pa, wọ́n ń bèèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. Zacchaeus rántí fíláàṣì tó ń kó ẹ̀dà sí, àmọ́ fíláàṣì yẹn kì í kúrò lára ẹ̀rọ, ọ̀lẹ ò jẹ́ kó máa yọ ọ́. Ẹ̀dà inú rẹ̀ náà ti bá a lọ. Báyọ̀dé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣí i."

Zacchaeus tu ara rẹ̀ nínú pé màmá á tún un pè. Ṣùgbọ́n màmá ò wá ní Ọjọ́bọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, ó mú apá ọ̀tún, ó sì mú ohùn.

4.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, Fọláṣadé fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn wá. Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n na ọwọ́ òsì sí kọ̀ǹpútà.

"Oríkì yẹn ni wọ́n fẹ́ gbọ́," Fọláṣadé wí. "Jọ̀ọ́, kà á fún wọn."

"Àǹtí, kò sí mọ́."

"Kí ni kò sí mọ́?"

 Zacchaeus wá ohun tó rántí nínú oríkì náà, ó pe ìlà mẹ́ta, ó dúró. Ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ láìtẹ́tí sí i. Màmá la ẹnu láti gbé ìlà kẹrin. Ohùn ò jáde. Omi ló jáde lójú wọn.

Zacchaeus ti ra ètò tòótọ́ báyìí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ta ni yóò pe oríkì ọ̀hún fún un kó tẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, irinṣẹ́ tó bá ní kẹ́ ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ yín, ẹ sá fún un. Ẹ yọ fíláàṣì yín kúrò lára ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé yín lọ sílé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.