Ohùn Àlàájà Rashidat Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Agídí ni àléébù Àlàájà Rashidat. Obìnrin yìí ló ní ilé ìránṣọ ńlá kan ní Akowonjo nílùú Èkó, kì í gba ìmọ̀ràn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ẹsẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́. Ó mọ iṣẹ́ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ìdí ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé àwọn ilé-ìwé láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgándò ń gbé yunifọ́ọ̀mù wá fún un rán. Ohùn rẹ̀ náà kò kéré. Bó bá pe ènìyàn ní Akowonjo, ará Baruwa lè dáhùn.

Láràárọ̀, bí àwọn aránṣọ bá ti wọlé, Bàbá Àmúsà aṣọ́nà á gba fóònù wọn sínú àpò, á sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti ìta. Kò sí ọ̀nà míì, gbogbo fèrèsé ló ní irin. Lójú Àlàájà, ẹni tó bá jáde lọ ra oúnjẹ ọ̀sán kò ní tètè dé mọ́, aṣọ oníbàárà sì lè bá a rìn lọ.

Esther, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn aránṣọ, lọ bá a.

"Àlàájà, ẹ má bínú. Òfin ò gbà kí wọ́n ti òṣìṣẹ́ mọ́lé. Bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, mà."

"Òfin wo? Ọmọ mi ni gbogbo yín jàre. Ṣé ìyá ń gba àṣẹ kó tó tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹ̀ ni?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Qonitah, aránṣọ kan tó lóyún. Ó bẹ̀bẹ̀ kí òun lọ fara han nọ́ọ̀sì. Àlàájà ní kó di ọjọ́ ìsinmi, ó sì wọ yàrá ẹ̀yìn lọ kírun. Bó ti wọlé báyìí, Táyéwò, aláwàdà àárín wọn, sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì sín ohùn ọ̀gá wọn jẹ: "Bàbá Àmúsà, ẹ ṣí ibí yìí!" Ilẹ̀kùn ṣí, Qonitah jáde. Nọ́ọ̀sì ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, oyún náà ì bá bàjẹ́.

Nígbà tí Àlàájà gbọ́, dípò kó ronú, ṣe ni inú bí i. Ó pe Bàbá Àmúsà.

"Láti òní lọ, bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi láti inú, ẹ má dá mi lóhùn. Bí mo bá fẹ́ jáde, màá pè yín lórí fóònù."

"Tó bá jẹ́ ohùn yín gangan ńkọ́?"

"Àní ohùn mi gangan."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàájà sáré wọlé wá wo iṣẹ́, ó sì gbàgbé fóònù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Bàbá Àmúsà ti ilẹ̀kùn bó ti máa ń ṣe. Kò pẹ́ sí i, iná áyọ́ọ̀nù ran àkísà tó wà lórí tábìlì. Wọ́n da omi sí i, àmọ́ iná ti ran ìdì aṣọ, èéfín sì gba gbogbo ilé. Qonitah, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀rù ba Àlàájà, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Àmúsà, ẹ ṣílẹ̀kùn. Iná ń jó. Èmi ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Táyéwò, o tún ti dé. Lọ sọ fún Àlàájà kí wọ́n pè mí."

"Èmi Rashidat ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má gbọ́ ohùn àwọn."

Àwọn yòókù náà ń pariwo, ṣùgbọ́n bàbá rò pé wọ́n para pọ̀ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìgbà tí èéfín gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí i lẹ́sẹ̀ ló tó mọ̀. Ó sáré mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn sì tú jáde. Esther àti Táyéwò gbé Qonitah jáde, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì lajú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó bímọ ní àlàáfíà nígbà tó yá. Àlàájà tó ti pariwo mu èéfín yó ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù.

Esther kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n lọ fẹjọ́ sùn lọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo fèrèsé onírin àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì láti ìta, wọ́n sì ti ilé náà pa. Lọ́tẹ̀ yìí, àgádágodo ìjọba ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ Àlàájà. Àwọn aránṣọ para pọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, àwọn ilé-ìwé sì gbé iṣẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Ibẹ̀ ni Àlàájà wá iṣẹ́ dé nígbà tí nǹkan le. Ó dúró níta, ó pe Esther, ó pe Táyéwò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́. Ohùn ńlá náà ti bá èéfín lọ, ohùn wúyẹ́wúyẹ́ ló kù. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu níwájú rẹ̀, àmọ́ ìtìjú kò jẹ́ kó lè wọlé. Ó yíjú padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n. Pípe òṣìṣẹ́ ní ọmọ kò sọ yín di ẹni tó ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde, kó rí àyè tọ́jú ara rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ nígbà tó bá ń kìlọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, bí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ yín, ẹ má fi ṣe àwàdà, ẹ má sì dúró di ọjọ́ iná. Ẹ para pọ̀, ẹ sọ fún ọ̀gá, bí kò bá sì gbọ́, ẹ lọ sọ fún ìjọba. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àánú tí ẹ ń tọrọ.