Ẹni Tó Wá Mú Màmá Délé

Ní ọsibítù náà, ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìpéǹpéjú kò gbọdọ̀ dá lọ sílé; àfi kí ẹnì kan wá mú un. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi ìyá alágbàfọ̀ láàárọ̀ pé ta ló máa wá mú un, ó dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì pé ọmọ òun ọkùnrin ń bọ̀. Wọ́n yí ìpéǹpéjú tó ti ká sínú padà síta, kí irun rẹ̀ má baà máa gún un lẹ́yinjú mọ́. Wọ́n wá fi báńdéèjì di ojú rẹ̀ méjèèjì, láti iwájú orí títí dé imú, wọ́n ní ó di ọ̀la kí àwọn tó tú u. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó kù.

Ọ̀sán ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wá mú àwọn èèyàn. Obìnrin tó jókòó tì í, tó ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà, ní kí wọ́n mú òun lọ tọ̀. Kò pẹ́ tí ìyẹn lọ, tó ku ìyá alágbàfọ̀ nìkan lórí bẹ́ǹṣì, ni ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni mo wá mú.”

Ọkùnrin náà kò dárúkọ. Ta ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ?

“Màmá, ọmọ yín ti dé o!” ni nọ́ọ̀sì wí. “A ti ń rò pé ẹ máa bá wa sùn síbí ni.”

Ọwọ́ kan dì í lápá mú. Ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ náà gbóná. Ìyá náà dìde.

“Ẹ máa rọra, Màmá. Àtẹ̀gùn rèé.”

Nínú tákísì, ọkùnrin náà ní, “Àǹtí ló pè mí. Wọ́n ní àwọn ò sí nílé lọ́sẹ̀ yìí, pé kí n wá. Wọ́n ní ẹ ti kó kúrò níbi tí mo mọ̀, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa júwe ilé.”

Ó júwe rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọjá ilé epo, kí wọ́n yà sọ́tùn-ún níbi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́, kí wọ́n má ṣe gba ti ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà, nítorí pé kòtò ti gba ọ̀nà yẹn.

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Wọ́n di màmá yìí lójú, wọ́n tún mọ̀nà ju èmi tí mo lajú lọ!”

“Ohùn yín ti yí padà, Màmá,” ni ọkùnrin náà wí.

“Ọdún ló ń yí ohùn padà.”

“Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ jù. Èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́.”

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá náà yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀ fún un. Òórùn ọṣẹ àti sítáàṣì kí wọn káàbọ̀.

“Àǹtí ò sọ fún mi pé ẹ ti ń gba ìfọṣọ.”

“Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọn ò sọ fún ọ.”

Ọkùnrin náà mú un gba àárín àwọn aṣọ tó wà lókùn kọjá títí dé orí àga. “Ṣẹ́ẹ̀tì tó dá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí ńkọ́? Ó mà ti ṣá o.”

“Ti ẹnì kan ni. Kò padà wá gbà á.”

“Kí ló dé tí ẹ ṣì ń lọ̀ ọ́?”

Ìyá náà ní kí ó wá jókòó. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Màmá, mo gbọ́ nígbà tí Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo gbọ́ pé wọ́n ń pe orúkọ mi, mi ò sì wá. Ẹ ní kí n má fojú kàn yín mọ́, mo wá fi ìyẹn ṣe àwáwí. Láti ìgbà yẹn, mi ò sùn kí oorun kún ojú mi. Tí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ báyìí, kí n lọ kí wọ́n tó tú ojú yín lọ́la.”

Ẹ̀rù ba ìyá alágbàfọ̀. Ó mọ ohun tí ọkùnrin náà ń tọrọ, ó sì mọ̀ pé ẹnu ìyá nìkan ló ti lè rí i gbà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó na ọwọ́ títí ó fi kan orí rẹ̀. Irun ti ń re kúrò níwájú orí náà. Ìyẹn dùn ún wọra, pé ọmọ lè dàgbà tó báyìí.

“Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi,” ni ó wí. “Máa sùn.”

Ọkùnrin náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó ní òun á se tíì, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì wọ kíṣìnì lọ. Ìyá náà ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìkòkò, tó ń wá ṣíbí, tó ń súfèé. Ó ti pẹ́ tí ẹlòmíì ti pariwo nínú kíṣìnì yẹn. Adùn rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń dùn ún.

Fóònù dún. Ó fọwọ́ wá a títí ó fi bà á, ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí àga rẹ̀, ó sì gbara lé e. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, ṣé fóònù mi ló ń dún?”

“Rárá, ti ará ilé kejì ni,” ni ó wí. “Fi ṣúgà díẹ̀ sí tèmi.”

Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá alágbàfọ̀ bí láyé ti kú kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó sì mọ̀ dájú pé ní ọsibítù, obìnrin tó bí ọkùnrin tó wà nínú kíṣìnì yìí ṣì jókòó pẹ̀lú báńdéèjì lójú, tó ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kọjá léèrè bóyá ọmọ òun ti dé.