Ẹrù Tí Mọ́tò Clifford Lè Fà

Oṣù kan lẹ́yìn tí Clifford Entwistle ta dùùrù ìyá ìyàwó rẹ̀, Doreen ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ kárafánì wá. Clifford ti ní dùùrù náà wúwo jù fún pákó ilẹ̀ pálọ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, èyí tí ìyá náà fi sílẹ̀ fún Doreen. Ìgbà tí Doreen ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ló rí ojú ẹsẹ̀ dùùrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí kápẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó fi ìwé ìròyìn síwájú ọkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì.

"Ẹ wo ilé onítáyà yìí," ó ní. "Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ín ti darúgbó, kò lè fà á mọ́. Ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì, ẹ ò kúkú lè jókòó sílé títí ayé."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń gbé, kò sì sí àbá tí Doreen dá rí tí Clifford kò kọ́kọ́ kọ̀. Èyí dùn mọ́ ọn. Ó ní kò burú, tí obìnrin náà kò bá ṣáà ti ní máa ráhùn lójú ọ̀nà.

Malcolm aládùúgbò wọn ló da omi tútù sí i lọ́kàn. Ogún ọdún lòun ti ń fa kárafánì kiri. Ó fìgbọ̀nwọ́ ti ọgbà, ó wo mọ́tò Clifford látòkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé èyí ló fẹ́ fà á? Ìwọ tí o ò fa nǹkan kan rí ju bárò lọ! Tí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, á máa jù ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, inú kòtò lo máa bá ara ẹ."

"Kò sẹ́ni tó máa sọ ohun tí mọ́tò mi lè ṣe fún mi!" Ojú Clifford ti pọ́n. "Tó bá di Àjíǹde, etí òkun ni mo máa wà. Wàá rí fọ́tò mi."

"Òṣùwọ̀n ò mọ ìgbéraga o, Clifford. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ìwúwo mọ́tò ẹ, kárafánì tòun tẹrù ò gbọdọ̀ ju márùndínláàádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò, kárafánì, ẹrù, èèyàn, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò gbọdọ̀ ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Tó bá fi kílò kan lé, ọlọ́pàá lè dá ẹ dúró."

Clifford búra pé òun yóò dójú ti Malcolm. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ohun mìíràn lọ́kàn rẹ̀: kí òṣùwọ̀n gbà á, kí gbogbo àdúgbò rí i.

Wọ́n ra kárafánì náà, iṣẹ́ wíwọ̀n sì bọ́ sọ́wọ́ Doreen. Ó gbé òṣùwọ̀n tó wà ní balùwẹ̀ síta, ó wọn ìkòkò, ó wọn gáàsì, ó wọn bàtà, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n yọ àgọ́ ńlá tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kárafánì. Wọ́n yọ sílíńdà gáàsì kejì.

"Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?" ni Clifford bi í.

"Ẹ mú un dání. Ẹ̀ẹ́ fẹ́ wo bọ́ọ̀lù."

"Àga rẹ yìí ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Tèmi ò ṣòro."

Orí Clifford wú. Ó sọ fún Malcolm pé bí ìyàwó rẹ̀ bá mọ irú ìfaradà báyìí tẹ́lẹ̀, ilé ìbá ti rọrùn.

Wọ́n lọ ń kọ́ fífà nínú pápá àgbẹ̀ kan. Ìgbà tí Clifford bá fẹ́ fẹ̀yìn rìn, tó yí ọwọ́ mọ́tò sósì, ọ̀tún ni kárafánì ń lọ. Ó fi ìdí kárafánì gbá igi ọgbà.

"Ìwọ lo ṣì mí lọ́nà!" ó pariwo mọ́ Doreen, tó dúró lẹ́yìn tó ń júwe.

"Ẹ tún un ṣe," ni Doreen wí. "Ó yẹ kí ẹ lè ṣe é láìsí ẹni tó ń júwe fún yín."

Ó sì jẹ́ kó tún un ṣe títí tó fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, wọ́n gbéra lọ sí ibi ìfọ́kùúta, níbi tí òṣùwọ̀n ọkọ̀ wà. Malcolm tẹ̀ lé wọn kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Kárafánì nìkan kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n, ó yege. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ gùn ún pọ̀, tọkọtaya sì wà nínú mọ́tò. Akọ̀wé òṣùwọ̀n yọrí lójú fèrèsé.

"Ó fi kílò mẹ́rìnléláàádọ́ta lé!"

"Mo sọ àbí mi ò sọ?" Malcolm pàtẹ́wọ́.

Ojú ti Clifford débi pé kò lè gbórí sókè. Doreen ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Ẹ tún un wọ̀n," ó ní.

Wọ́n tún un wọ̀n.

"Ó fi kílò mẹ́jọ dín! Ẹ lè máa lọ!"

Clifford na ìkúùkù sókè sí Malcolm, ó kígbe pé ta ló ní mọ́tò òun ò tó o, kí ó jáde wá. Malcolm kàn ń họrí. Nígbà tí ara Clifford rọlẹ̀ díẹ̀, ó yọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá, wá sọ ohun tá a máa yọ kí ìwọ náà lè wọlé."

Doreen ti ilẹ̀kùn mọ́tò náà látìta.

"Gbogbo aṣọ ẹ ló ti wà lẹ́yìn ẹ níbẹ̀ yẹn, Clifford, ìwọ nìkan ni mo ti ń wọ̀n ọ́n fún látọjọ́ àkọ́kọ́, bá a sì ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, káfíńtà ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá mi lọ́wọ́."